Ìbọn Bàbá Rẹ Kì Í Ṣe Igi Ìdáná

Ilé Ìdílé Wa,
Ẹ̀yìn Virajpet, Kodagu.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án.

Chondamma, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ tí wọn kò jẹ́ kí o ráyè sinmi. Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú lóṣù tó kọjá ti lọ? Mo bẹ Ìyá wa Kaveri, òrìṣà odò wa, kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà. Ní tèmi, orúnkún ṣì ń ro mí bí òjò bá ti ṣú, ṣùgbọ́n kò tíì rẹ ẹnu mi, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

O ní kí n máa pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti fóònù. Fóònù á já níbi tó ti dùn jù, inú á sì bí mi. Bu kọfí, kí o jókòó, kí o kà á tán.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ ni. Nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an ni Kuttappa, àbúrò bàbá rẹ, wá bá mi. Ó ní, "Ìyá Chondu, ọmọbìnrin ti lọ sílé ọkọ. Kí ló fẹ́ fi ìbọn ṣe ní Hubballi? Ṣé yóò máa fi lé eku ni? Ẹ jẹ́ kí ìbọn wà lọ́wọ́ ọkùnrin ilé. Ẹ jẹ́ ká díyelé e, màá san owó rẹ̀ fún un." Kuttappa kì í ṣe èèyàn burúkú, òun ló gbé òkú bàbá rẹ léjìká. Àṣà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìbọn kò tíì bá obìnrin jáde nílé yìí rí. Ṣùgbọ́n ó dùn mí dọ́kàn. Lórí àìsàn ni bàbá rẹ ti sọ fún mi pé, "Ti Chondu ni." Èmi nìkan ni mo gbọ́. Ta ló sì máa gba ẹ̀rí ìyá lórí ọmọ tirẹ̀?

Kuttappa mú oníṣòwò ìbọn kan wá. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbé ìbọn náà kúrò lára ògiri. Ó fi èékánná kan án, ó ṣu ẹnu pọ̀, ó ní, "Màmá, igi ìdáná lèyí. Torí tiyín ni mo ṣe máa gbé e kúrò nílẹ̀ fún yín." Iye tó pè kò tó ra àpò ajílẹ̀ kan fún oko kọfí. Ṣùgbọ́n mo ń wo ojú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń bú ìbọn, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀. Mo ní kó máa lọ, kọfí rẹ̀ kò tíì tutù.

Mo wá sọ fún Kuttappa pé, "Ẹni tó fẹ́ rà kọ́ ni yóò sọ iye tó tó. Bí o bá fẹ́ gba ogún lọ́wọ́ ọmọ mi, wàá gbà á ní iye rẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò ní rà, tí kò ní tà, ni kó wá wò ó." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Níbo lẹ ti fẹ́ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé yìí?" Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. A jọ dúró lábẹ́ fìtílà àwọn bàbá wa ní yàrá àárín, ó sì búra pé ohunkóhun tí ẹni náà bá sọ, òun yóò gbà. Kò sẹ́ni tó ń yẹ irú ìbúra bẹ́ẹ̀ nílé wa.

Ni mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mysuru. Mo yà sí ilé ìtajà ìbọn kan, mo ṣe bí arúgbó tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo ní, "Ọmọ mi, nínú gbogbo àwọn tó ń díyelé ìbọn, ta ni ẹ kì í fẹ́ kó wá wo ọjà yín?" Ojú ọlọ́jà náà fà ro. Ó ní, "Sorabji, bàbá burúkú yẹn." Mo dé ilé ìtajà kejì, mo béèrè ohun kan náà. "Sorabji!" Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹta, ọ̀nà ilé Sorabji nìkan ni mo béèrè. Rẹ́rìn-ín bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ gbọ́n.

Arúgbó ni, ó gbẹ bí ọwọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń gba owó orí lórí ọ̀rọ̀. Ó ní owó iṣẹ́ òun kì í yí padà, ìbọn ì báà jẹ́ wúrà, ì báà jẹ́ àkúfọ́. "Mi ò kì í rà, mi ò kì í tà. Lọ́jọ́ tí mo bá ní mo fẹ́ rà, ẹ má gbà mí gbọ́ mọ́." Mo fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kuttappa gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ló bá múra bí ìgbà tí a ń múra Kailpodh, ọdún ìbọn wa. O mọ̀ ọ́n, kì í fẹ́ kí ìbọn dọ̀tí lójú ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìbọn gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, ẹlẹ́nu méjì tí bàbá wọn fún un, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ́ kí ọ̀kadà tún máa dán. Wọ́n fi pépà oníyanrìn ha á, wọ́n rì í bọ inú oògùn, wọ́n sì kun igi ìdí rẹ̀ ní pupa. Nígbà tó gbé e dé, o lè fi í ṣe dígí yarun. Ó wá gbé tiwa náà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kò jáde. Ṣé o rántí ohun tí bàbá rẹ máa ń wí? "Òróró àti àkísà. Kò tún sí nǹkan mìíràn." Ìyàwó Kuttappa wá ń sọ káàkiri pé ọ̀lẹ ti wọ èmi Dechamma láti ìgbà tí mo ti di opó. Mo gbọ́, mo gbé e mì.

Sorabji dé. Mo gbé kọfí wá, ó ní ó di ìgbà tí òun bá ṣe tán. Kuttappa sáré gbé tirẹ̀ síwájú. Bàbá náà yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó béèrè pé, "Ta ló ṣe irú èyí sí ìbọn yìí?" Kuttappa fọwọ́ sọ àyà, eyín rẹ̀ sì hàn tán. "Èmi ni, sà!" Sorabji gbé ìbọn náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní orúkọ ẹni tó rọ ọ́ ti lọ, àwọ̀ rẹ̀ ti lọ, ọnà ara rẹ̀ ti lọ. "Ó ṣì ṣeé yìn, ìyẹn nìkan ló kù." Chondu, inú mi kò dùn. Mo rò pé yóò dùn, àmọ́ nígbà tí mo rí ojú àbúrò bàbá rẹ, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ó wá gbé ti bàbá rẹ. Ó fi ẹ̀rọ awòǹkan sójú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi àkísà àti òróró díẹ̀ nu ẹ̀gbẹ́ kan. Fàdákà ló yọ lábẹ́ èéfín tó ti bò ó lára ògiri, ọmọ mi! Òdòdó kéékèèké àti àmì alágbẹ̀dẹ tó ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba Kodagu láyé àtijọ́. Sorabji ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n ti bó láwọ̀. Ó ní iye rẹ̀ tó ti ìbọn gẹ̀ẹ́sì náà lọ́nà mẹ́ta, kódà ká ní wọn kò fọwọ́ kan ìyẹn. Mo nàró lórí ìjókòó mi bí ìyá ọba. Kí n má parọ́ fún ọ, mo wo ìyàwó Kuttappa dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló mú bébà jáde, ó ní, "Orúkọ ta ni mo máa kọ síbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín?" Bí Kuttappa bá ta oko kan, yóò rí owó náà san, ìbúra rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́. Ó yíjú sí Sorabji. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́jú rẹ̀ ló ni ín, ó sì ti sọ ẹni tó fẹ́ kó jogún òun. Mo mọ̀ pé Ìyá Chondu kì í parọ́. Kọ Chondamma, ọmọ Nanaiah."

Mo sunkún. Kuttappa gbé ìbọn náà lọ sí àgbàlá, ó bẹ Sorabji kó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ìyẹn ní kò séwu. Ó rọ ẹ̀tù díẹ̀ sí i láìsí ọta, ó kọjú rẹ̀ sójú ọ̀run, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwọ náà mọ̀ pé ìró ìbọn méjì ni ti òkú níbí, ọ̀kan ni ti ọmọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó yíjú sí mi, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí ẹ bí Chondu, èmi ni mo gbé ìbọn yìí dání tí mò ń dúró. Wọ́n ní obìnrin ni, mo sì gbé e padà kọ́ sára ògiri. Ẹ má bínú, ó pẹ́."

Àwọn ará àdúgbò ti ń sáré bọ̀ láti inú oko kọfí. "Ta ló bímọ? Ilé ta ni?" Mo dìde dúró, mo ní, "Èmi ni! Obìnrin ni. Olùkọ́ ni ní Hubballi, ewú sì ti ń yọ lórí rẹ̀."

Ọmọ mi, wá gbé ìbọn rẹ. Kí Ìyá Kaveri máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe bọ́ lára ohun tó jẹ́ tìrẹ, kí orúkọ bàbá rẹ má sì parẹ́ lẹ́nu rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Dechamma.

Àfikún: Bollavva, ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ oko, kò gbọ́ àlàyé mi dáadáa. Àná ló gbé ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà ọmọ tuntun méjì wá, ó gbàdúrà gígùn lé wọn, ó sì béèrè bóyá ọmọ náà ń mu ọmú dáadáa. Mo ní ó ń mu. Àtàǹpàkò rẹ kò lè wọ inú ẹ̀gbà náà, ṣùgbọ́n mo ti so wọ́n mọ́ ìdí ìbọn dè ọ́.