Ẹnu àti Etí Inú Ilé Òròmọdìẹ

Tóyọ̀sí Àrìnpé, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo sì kí gbogbo ará Ìbàdàn tó ń ṣe ọ́ lóore. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Ọ̀fà kò ní sùn lọ́dọ̀ rẹ. Ara Mọ́mì rẹ le, kò ráhùn ẹsẹ̀ mọ́, òjò sì ti ń rọ̀ dáadáa.

Àpótí tí o kàn mọ́ ògiri ilé òròmọdìẹ nígbà Àjíǹde, tó ń fi Wáífáì ránṣẹ́ sí fóònù rẹ bí òtútù bá fẹ́ mú wọn, ṣì ń yà mí lẹ́nu. O ní ẹnu kan tó fi ń sọ̀rọ̀ àti etí kan tó fi ń gbọ́ péré ni pátákó iná inú rẹ̀ ní, kọ̀ǹpútà rẹ ló sì ń lò wọ́n, ni o bá jókòó, o fi kọ̀ǹpútà kọ ìwé àṣẹ sínú rẹ̀, ìwé náà sì sọ méjì nínú àwọn ẹsẹ̀ irin rẹ̀ di ẹnu àti etí mìíràn, kí ó lè gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ń sọ. Ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́ kò kéré, n kò rí ìwé kíkọ tó hu etí rí. O tún ní bí ìyára ọ̀rọ̀ pátákó àti ti ẹ̀rọ ooru kò bá dọ́gba, kántankàntan ni wọn yóò máa gbọ́. Láti ìgbà náà, n kò jẹ́ kí Mọ́mì rẹ bínú sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bí mo bá sì fẹ́ kí àpótí, mo máa ń rọra sọ̀rọ̀, kí ìyára wa lè dọ́gba.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Mo rí i pé o lẹ ìwé pélébé mọ́ ìdí àwọn wáyà, o kọ "ẹnu" àti "etí" sára pátákó, o kọ ọ́ bákan náà sára ẹ̀rọ ooru, ṣùgbọ́n wáyà tó jáde láti ẹnu èkíní lọ sí etí èkejì. Mo ní ó ti rẹ ọmọ mi, ó ti ṣì í so. Nínú gbogbo iṣẹ́ "so èyí tó jọra pọ̀" tí mo fún àwọn ọmọ kíláàsì, ẹnu là ń so mọ́ ẹnu. Mo tú u, mo so ẹnu mọ́ ẹnu, mo so etí mọ́ etí, inú mi sì dùn pé mo ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí mo ti máa ń fa gègé pupa sí iṣẹ́ rẹ ní kékeré nìyẹn, kí n tó bi ọ́ ní ohun tí o ní lọ́kàn.

Nígbà tí o wá pè pé o kò gbọ́ nǹkan kan láti ilé mọ́, tí o bi mí bóyá ẹnìkan fọwọ́ kàn án, mo ní bóyá ìgbálẹ̀ Mọ́mì rẹ ni. Tóyọ̀sí, irọ́ ni mo pa. O rọra bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa gbálẹ̀ jìnnà sí i, kò sì gbá ibẹ̀ mọ́ rárá. Àga ló gbé síbẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ooru, síbẹ̀ òtútù pa díẹ̀ nínú àwọn òròmọdìẹ. N kò lè jẹ́wọ́ lórí fóònù, nítorí níbẹ̀ ẹnu mi máa ń yá jù. Adétóyè awakọ̀ ni yóò mú lẹ́tà yìí wá.

Láàárọ̀ yìí mo jẹ́wọ́ fún Mọ́mì rẹ. Ó wò mí títí, ó ní ẹnu tèmi àti ẹnu tòun ti dojú kọ ara wọn nínú ilé yìí láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, ṣé mo rí i kí ẹnìkan gbọ́ ẹnìkan? Mo lọ so ẹnu mọ́ etí bí o ti ṣe é, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Bí o bá ti gbọ́ láti ilé, ọwọ́ mi ni. Pe Mọ́mì rẹ kí o tó pè mí.

Owó dátà àpótí ti fẹ́ tán, oúnjẹ òròmọdìẹ sì ti wọ́n. Láràárọ̀ ni mo ń sọ ọ́ sí àpótí létí, n kò rí èsì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ìdí rẹ̀ ni. Bí o bá ti wá gbọ́ ọ báyìí, má fi owó náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọlọ́run tó fún ọ ní irú ọgbọ́n yìí kò ní gbà á padà. Ibi tí o bá ti sọ̀rọ̀, wọn yóò gbọ́ ọ, ní orúkọ Jésù. Bí mo ti ń fi gọ́ọ̀mù di ìwé yìí, mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ Mọ́mì rẹ nínú ilé òròmọdìẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyètúndé