Oògùn Sààrì Alhájà Ràbíátù

Ojúlé 9, Òpópónà Olúdọ̀tun,
Ṣàgámù,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ keje, Oṣù Kẹrin, 2025.

Sùmáyà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ o, ìwọ àti bàbá Tawfiq. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìlọrin? Tawfiq ńkọ́, ṣé ó ti gbà láti fi ọmú sílẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé mi ò pè ọ́ lọ́jọ́ ọdún. Jọ̀ọ́, má bínú. Tí mo bá gbé fóònù, ẹkún nìkan lo máa gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ lẹ́tà sí ọ.

Ṣé o rántí Alhájà Ràbíátù, ìyá olóbì tó ń ra ọbì wá láti Akaka, tí wọ́n di ọbì sínú ọ̀rá fún ọ pé kí o gbé e fún ìyá ọkọ rẹ? Wọ́n ti lọ, Sùmáyà. Ọjọ́ kọkànlá ààwẹ̀ ni. Ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá sí ojú fèrèsé tí mo ti ń fún àwọn èèyàn lóògùn. Ìwé tí dókítà kọ fún wọn láti oṣù kẹjọ èṣí ni wọ́n mú dání, ó ti ń ya níbi tí wọ́n ti ń ká a. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ni, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. O mọ bí Ọ̀gbẹ́ni Owólabí ṣe máa ń lu tábìlì ní kíláàsì pé ká wo orúkọ, ká wo ọjọ́, ká béèrè ohun tó ti yí padà lára aláìsàn, pé ìwé tó bá ti pẹ́, ká dá a padà fún dókítà. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níwájú yàrá dókítà, Alhájà sì ní, "Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, oògùn kan náà mà ni. Ọbì mi wà nínú oòrùn." Olùrànlọ́wọ́ lásán ni mí, o mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pè mí ní nọ́ọ̀sì, orí mi sì wú. Mo ka oògùn oṣù kan fún wọn. Mi ò béèrè bóyá wọ́n máa gbààwẹ̀. Èmi tí mo bá ọ jẹ sààrì fún ọdún méjì gbáko nílé ẹ̀kọ́, tí n kì í gbààwẹ̀ kankan, ọ̀fun lásán ló ń dà mí láàmú!

Ní ọjọ́ kọkànlá yẹn, òógùn bo Alhájà ní ìsọ̀ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kántankàntan. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ààwẹ̀ ló mú wọn. Wọ́n gbé omi fún wọn, Alhájà kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìṣínu ò ní pẹ́ dé mọ́. Nígbà tí wọ́n máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Dókítà ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mo jẹ́wọ́ fún mátírọ́ọ̀nù. Wọ́n ti mú mi kúrò nídìí oògùn, bẹ́ẹ̀dì ni mo ń tẹ́ báyìí, kò sì dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé dókítà ní ká ní ìwé yẹn dé ọwọ́ òun ni, òun ì bá tún oògùn náà tò nítorí ààwẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni Hàmdálátù ọmọ wọn wá bá mi. Oògùn tó kù ló mú wá, pé kí n fún ẹni tí kò lágbára àtirà á, kó jẹ́ sàráà fún màmá òun. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé màmá òun fẹ́ràn mi púpọ̀. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sọ fún un pé oògùn tó bá ti kúrò nídìí fèrèsé kì í padà wá bá ẹlòmíràn, mo wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, pé ẹ̀bi mi ni. Wọ́n ní òótọ́ korò. Mo rò pé èmi nìkan ló máa korò fún. Mo fẹ́ kó bú mi.

Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Àǹtí, téèyàn bá lo ti àárọ̀ àti ti alẹ́ pa pọ̀ ní sààrì ńkọ́?" Bí òpè ni mo ṣe dá a lóhùn pé ìyẹn tiẹ̀ ló burú jù, pé á fa ṣúgà wálẹ̀ pátápátá kí ìṣínu tó dé.

Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní oorun máa ń gbé màmá òun lọ tí wọ́n bá ti kírun alẹ́ tán, wọn kì í rántí ti alẹ́ mọ́. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n kúkú máa lo méjèèjì ní sààrì. Èmi ni mò ń bu omi fún wọn."

Sùmáyà, kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ sọ ẹrù mi kalẹ̀, orí ọmọ olóògbé ni mo gbé e lé. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ́, o sì mọ iṣẹ́ wa. Jọ̀ọ́ pè é. Kì í gbé ipè mi mọ́.

Bá mi kí bàbá Tawfiq àti ìyá ọkọ rẹ. Fi ẹnu kan Tawfiq lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́,
Àtinúkẹ́.