Ìbéèrè tí Ìyá Kọ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, 9/4/56
Ọjọ́ kẹta tí mo wọlé ọkọ. Ayọ̀ yìí pọ̀ ju ojú ìwé lọ! Ọkọ mi, tí mo ń pè ní Akọ̀wé, ń wò mí bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, n kò sì ní kọ ọ́ síbí pàápàá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní kí n tètè fún òun lórúkọ tèmi. Mo pè é ní Eyínfúnjowó. Ó ní, "Ó tán? Èyí tí wọ́n fún ọ̀rẹ́ mi gùn ju báyìí lọ!"

Ọjọ́rú, 11/4
Akọ̀wé ń kọ́ Haúsá. Bó bá yege ìdánwò tó ń bọ̀, iṣẹ́ rélùwéè ní Sáríà di tirẹ̀. Èmi ni mo ń di ìwé mú, tí mo ń bi í. Olúwa o! I-n-a. Lójú tèmi, iná. Lọ́dọ̀ wọn, "níbo" ni. Gari — ìlú! Ido — ojú. Ilé kan náà, ẹlòmíràn ló ń gbé inú rẹ̀. Mo rántí "ire" inú Gẹ̀ẹ́sì níléèwé: ìbínú ni! Ire tiwa, tí a fi ń súre!
Albasa wá ńkọ́? Àlùbọ́sà gan-an ni. Ìyẹn kì í ṣe àjèjì, ó bá àwọn oníṣòwò rìn wá, ó sì di ọmọ ilé. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí, àti èyí tí ojú kàn jọra? Orí mi wú.

Ẹtì, 13/4
Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ kí n bá a lọ. Ó ní kí Akọ̀wé máa lọ, kí ó fi mí sílẹ̀. "Ìyàwó ọjọ́ mẹ́fà! O fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pe ìlú ní gàrí. Ṣé ẹ ó rọ omi sí i ni, kí ẹ mu ún?" A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹnu wa ló ti gbọ́ ti gàrí yẹn.

Àbámẹ́ta, 14/4
Ọ̀sẹ̀ kan péré ni a tíì jọ gbé — báwo ni mo ṣe máa gbé ilé yìí láìsí i?

Ìṣẹ́gun, 17/4
Mo ń kàwé sókè lẹ́yìnkùlé, Ìyá ń ṣa ẹ̀wà. "Ina gida?" Ìyẹn ni, níbo ni ilé? Ìyá ní, láìgbójú sókè: "O ń pè é bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Fa ìparí rẹ̀. Wuta ni wọ́n ń pe iná."
Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá tí kò mọ A! Ó ní òun àti olóògbé Bàbá ta obì ní Sáríà fún ọdún mẹ́rin. Akọ̀wé kò mọ̀! "Ẹ ò sọ fún mi rí, Ìyá." "O bi mí?"
Mo bi í ní ti ọ̀rọ̀ tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí àti èyí tó jẹ́ àjèjì. Ó ní, "Bí o bá rí ẹni méjì lọ́jà tójú wọn jọra, wádìí ilé tí wọ́n ti wá. Ojú nìkan ò tó."

Àìkú, 29/4
Ìyá ń kọ́ wa. "Ahọ́n yín le bí àpáàdì!"

Ọjọ́bọ̀, 3/5
Ó yege! Ó yege! Ìyá kí i, ó wọlé lọ. Kò tíì gbà kí n bá a lọ.

Àbámẹ́ta, 5/5
Ìyá pè mí sí yàrá. Ó bí ọmọ kan ṣáájú ọkọ mi. Àdìkẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta. Ilẹ̀ẹ́gbóná mú un lọ ní Sáríà, wọ́n sì sin ín sẹ́yìnkùlé onílé wọn, Mai Goro, ọ̀gá olóbì. Ìdí tí wọ́n fi padà sí Ọ̀fà nìyẹn. Ìdí tí kò fi fẹ́ kí n lọ nìyẹn.
Òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ. Wọn kò fi hàn án. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò mọ̀ bóyá igi ló wà lórí rẹ̀ ni, àbí ògiri.
"Ojú tèmi ò gbọdọ̀ rí i. Tìrẹ lè rí i. Tẹ̀lé ọkọ rẹ."
Ó kọ́ mi ní gbólóhùn kan. Mo tún un pè títí tí kò fi rí àṣìṣe kankan níbẹ̀ mọ́: Ina gidan Mai Goro? Níbo ni ilé Mai Goro? Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé mo mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 7/5
Nínú rélùwéè. Akọ̀wé ti sùn lé èjìká mi. Ní ibùdókọ̀, Ìyá kò sọ pé ó dàbọ̀. Ó di fèrèsé mú, ó ní, "Pè é."
Mo pè é: Ina gidan Mai Goro?
Ó ní, "Wọ́n á dá ọ lóhùn."