Ẹlẹ́sẹ̀ Pupa tí Gbogbo Ìlú Ń Retí Létí Odò

Tàmálè, nínú ọyẹ́

Ọmọ mi Sùfíyánù Àlàó,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó má bá ọ lórí àìsàn. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Iṣẹ́ òyìnbó ńkọ́? Oúnjẹ Kùmásì ńkọ́, ṣé ó ń dá ọ lára? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín àjèjì, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ débi tí wọ́n ti ń sunkún, lọ́rì tí o bá wọ̀ kò ní dojú dé, lọ́lá Ànábì. Ṣe àmín. Èmi náà ti ṣe é níhìn-ín. Mọ̀múdù akọ̀wé tí ó ń bá mi kọ ìwé yìí lábẹ́ igi ní ọjà Aboabo náà ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àmín kò sí nínú owó tí mo san fún òun.

Gbogbo ilé wà, Àlìhámúdùlíláì. Ewúrẹ́ tí iwájú orí rẹ̀ funfun yẹn ti bímọ. Àbúrò rẹ Rùkáyátù náà ti bí ọkùnrin sí Nyohini, orí ọmọ náà rí gbọọrọ bíi tìrẹ nígbà tí mo bí ọ, ẹ̀yin ará ilé bàbá yín, ẹ kò mọ orí mìíràn. Èmi ṣì ń ta ọṣẹ dúdú mi fún àwọn tí ń fọṣọ létí odò ẹ̀yìn Lamashegu, níbi tí ìjọba fi òkúta dí kí omi má baà gbẹ tán nígbà ọyẹ́. Ìdí ọṣẹ náà ni mo wà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi ṣẹlẹ̀. Jókòó dáadáa kí o tó kà á. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà, bí kì í bá ṣe pé àyà mi le, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ̀wé sí ọ báyìí pé ìyá rẹ ti kú.

Òyìnbó tuntun kan dé síbí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ igi àti ẹyẹ, wọ́n sì ń sanwó oṣù fún un lórí ìyẹn, má bi mí ìdí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ní kí wọ́n lu agogo káàkiri ìlú pé lọ́jọ́ Sátidé, kí tọmọdé tàgbà wá ṣeré létí odò. Eré o! Létí odò! Àgbàlagbà onírùngbọ̀n! Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mo mọ̀ pé ènìyàn ń lọ odò láti pọnmi, láti fọṣọ, láti wẹ̀ tàbí láti pẹja. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè lọ kí odò bí ẹni ń lọ kí ìyá ìyàwó, kí ó wò ó títí, kí ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Mo gbé igbá ọṣẹ mi lọ, nítorí ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ìdọ̀tí kì í wọ́n níbẹ̀. Mo bá àwọn ọ̀dọ́ Dágómbà tí wọ́n ń jó tákàì, wọ́n ń yí po, wọ́n ń fi ọ̀pá gbá ọ̀pá ara wọn, ìyẹn yé mi, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìyàwó òyìnbó náà jókòó sórí àpótí, ó ń fi igi tín-ín-rín kan tó nírun lẹ́nu bí ìrù kun aró àti osùn sórí ìwé, wọ́n ní odò wa ló ń yà. Mo yọjú wò ó. Ó ti kun odò náà láró! Mo fi ọwọ́ júwe fún un pé odò wa kò rí bẹ́ẹ̀, omi ẹrẹ̀ ni, àwa là ń mu ún, àwa la mọ̀ ọ́n, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi ni. Àwọn èyí tí ó ti kùn tẹ́lẹ̀, ó sá wọn sórí okùn láàárín igi méjì, àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń wò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó bá a ká wọn nígbà tí wọ́n gbẹ. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká wọn. Mo ti ká bíi mélòó kan kí ọlọ́pàá Hausa kan tó dé tí ó lé mi nídìí okùn. Wo ayé o, ènìyàn ń ṣàánú, wọ́n ń lé e bí olè!

Ibi tí mo ti ń fajú ro ni òyìnbó ọkọ ti fọn fèrè, gbogbo ariwo sì dá wáí. Tákàì dá. Wọ́n to àwọn ènìyàn lọ gbọọrọ sí etí odò, àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, àti akọ̀wé, àti àwọn olórí àdúgbò, wọ́n ní kí oníkálùkù ṣí fìlà, kí ẹnikẹ́ni má fọhùn. Gbogbo ojú wà lórí omi. Òyìnbó náà gbé ohun kan bí ìgò méjì tí a so pọ̀ sójú, ó ń fi wá ojú omi kiri, ó wá ìhín, ó wá ọ̀hún. Ìwọ náà kúkú mọ̀, Sùfíyánù. Kí ní í kó ènìyàn jọ sétí omi láìdé fìlà, láìsọ̀rọ̀? Nígbà tí omi gbé ọmọ Mìkáílù alápatà, ṣé kì í ṣe báyìí la tò?

Mo rọra sún mọ́ ọlọ́pàá yẹn, mo fi Hausa bi í pé ta ni wọ́n ń wá. Ó ní àlejò kan ni, tí í máa wá láti ọ̀nà jíjìn lọ́dọọdún bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí í sì padà lọ kí òjò tó dé. Ó ní ọyẹ́ ti fẹ́ parí lọ́dún yìí, wọn kò sì tíì fojú kàn án. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí. Ó ní ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, funfun ló wà lára rẹ̀, ó fẹ́ràn ẹja, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì pupa láti orúnkún dé ilẹ̀.

Yéè! Sùfíyánù! Ta ni mo bí tí ó ga, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó lè jẹ ẹja tegungun-tegungun, tí kì í wọ nǹkan mìíràn ju ẹ̀wù funfun akọ̀wé? Ta ní í máa bá lọ́rì obì wá sílé nígbà ọyẹ́, tí kò wá lọ́dún yìí, tí kò sì ránṣẹ́? Ta ni ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ìbọ̀sẹ̀ pupa yọ dé orúnkún, tí bàbá rẹ̀ sọ lójú gbogbo jàmáà pé àwọn kò bí ẹyẹ, tí ó sì bínú wọ lọ́rì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, láìdágbére fún èmi tí mo lóyún rẹ̀? Mo ní háà, ó tán, ìjọba ti gbọ́ ikú ọmọ mi kí n tó gbọ́.

Mo ju igbá nù, mo figbe ta. Gbogbo ọṣẹ mi dà sínú odò. Àwọn obìnrin wa tí ń fọṣọ nísàlẹ̀ gbọ́ ohùn mi, wọ́n tú gèlè, wọ́n gba igbe náà lẹ́nu mi. Òyìnbó ń fi ìka lé ètè, ó ń bẹ̀ wá pé kí a dákẹ́. Ẹ gbọ́ o! Omi gbé ọmọ, wọ́n ní kí ìyá má sunkún! Ìyá Àdìjátù, ọ̀rẹ́ mi, gbé gbogbo màsà tí ó fẹ́ tà sílẹ̀, ó ní sàráà rẹ nìyẹn, ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá rọ́ bò ó, ìyàwó òyìnbó náà jẹ nínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó tún mú òmíràn. Alfa Ìsá dé tàwọn ti tẹ̀sùbáà, wọ́n ń bèèrè ibi tí òkú wà kí wọ́n lè kírun sí i lára.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bàbá rẹ ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọ. Mọ̀múdù, kọ ọ́ kí ó hàn ketekete. Ẹnìkan ti sáré lọ sọ fún wọn ní ìsọ̀ wọn ní Aboabo. Bàbá rẹ, tí wọn kò dárúkọ rẹ láti ọjọ́ tí o ti lọ, tí ó jẹ́ pé bí mo bá dárúkọ rẹ nídìí oúnjẹ, wọ́n á ní kí n gbé iyọ̀ wá, bàbá rẹ sáré láti Aboabo dé odò náà. Wọn kò bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kò bọ́ agbádá. Wọ́n wọ inú omi lọ tààrà, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ̀wẹ̀, omi mù wọ́n dé àyà, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì tá ìsàlẹ̀ omi nínú ìfófòó ọṣẹ mi, wọ́n ń pe Sùfíyánù, wọ́n ń pe Àlàó, pé kí o dìde, kí ẹ jọ máa lọ sílé, pé ìbọ̀sẹ̀ ni àwọn bú o, àwọn kò bú ọmọ àwọn. Mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé tipẹ́, n kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí. Èmi tí mo ń sunkún, mo gbàgbé ẹkún.

Ibẹ̀ ni a wà tí ẹyẹ ńlá kan fi bà sí ibi tí omi kò jìn, kò jìnnà sí bàbá rẹ rárá. Ó ga, ó funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó pupa bí ata ṣọ̀ǹbọ̀. Òyìnbó tó ní kí a má fọhùn, òun ló kọ́kọ́ kígbe! Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún, mo rò pé ó ń bá mi ṣọ̀fọ̀ ni, mo dì mọ́ ọn, mo ń ṣìpẹ̀ fún un. Ọlọ́pàá wá nàka sí ẹyẹ náà, ó ní ṣé mo rí àlejò náà báyìí. Ẹyẹ! Súbúhánálláhì! Ẹyẹ ni gbogbo ìlú ṣí fìlà fún! Ẹyẹ tí wọn kò fẹ́ pa, tí wọn kò fẹ́ tà, tí wọn kò fẹ́ sè! Ẹnu mi là sílẹ̀, kò sì tíì padé dòní. Alfa Ìsá ká tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n ní kò sí ìrun òkú fún ẹyẹ alààyè, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àwọn ti rìn dé ibẹ̀, àwọn á ṣàdúà ẹ̀mí gígùn fún ọ. Gbogbo wa sì ṣe é, tòyìnbó tọlọ́pàá.

Mo rò pé bàbá rẹ á bu omi lu ẹyẹ náà. Wọ́n dúró, àwọn àti ẹyẹ ń wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra ń fẹ̀yìn rìn jáde, díẹ̀díẹ̀, kí omi má baà pariwo lé e lọ. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun Aláásárì tán, ọ̀nà odò ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ní sálúbàtà àwọn tó sọnù sínú omi ni àwọn ń wá. Ènìyàn kì í wojú ọ̀run wá sálúbàtà. Lánàá, ẹnìkan sọ òkúta sí ẹyẹ náà, bàbá rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀pá fọ́ orí onítọ̀hún, wọ́n ní kí ni ẹsẹ̀ pupa fi ṣe é.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Owó màsà Ìyá Àdìjátù tí a fi ṣe sàráà rẹ nígbà tí o kò kú, owó ọṣẹ mi tí odò fi fọ ara rẹ̀, àti owó sálúbàtà bàbá rẹ. Má fi í gba ọ̀nà pósófíìsì o. Ọkùnrin ibẹ̀ ní kí n tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀ ẹ́, ó kó ìwé náà sínú àpótí, ó tì í. Mo ti padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní àtàǹpàkò mi, ó ní ti ìjọba ni.

Ṣùgbọ́n bí ìwọ fúnra rẹ bá ń bọ̀, fi owó sílẹ̀, mo ti dárí jì ọ́. Ẹyẹ yẹn kò ní ìyá ní Tàmálè. Kò sẹ́ni tó yan ẹja dè é. Síbẹ̀, ó dé.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọ̀nà kò ní nà ọ́. A kò ní fi omijé wá ọ mọ́, ẹ̀rín la ó fi pàdé rẹ. Mo ti bẹ ọba inú sítáǹpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ìwé yìí pé kí ó má yà síbì kankan.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúlẹ̀mọ̀tù.

Mọ̀múdù ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí bàbá rẹ ń kọjá. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún ọ. Wọ́n ní àwọn kò ní nǹkan kan í sọ. Wọ́n lọ díẹ̀, wọ́n padà wá, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ojú àwọn kò ríran jìnnà mọ́ báyìí, bí o bá ń sọ̀ nínú lọ́rì, kí o wọ ìbọ̀sẹ̀ pupa yẹn, kí àwọn lè tètè dá ọ mọ̀.