Ọ̀rá tí Wọn Kò Bọ́ Lójú Ìlù Bẹ́ǹdì

Àtìkọrí,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Hafeez ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run Ọba kó máa bá ẹ gbé ní Èkó níbẹ̀. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi kò tíì wọ yàrá yín bíi ti èṣí? Ara èmi le. Ìyá rẹ náà wà, ó ní kí n kí ẹ, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà Iléyá, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀ bí o bá fara balẹ̀ kà á. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún kí ara wa, àmín.

Ọ̀rọ̀ ìlù tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí fóònù Haneefah àbúrò rẹ ni mo fẹ́ ròyìn bó ṣe já sí. O mọ̀ pé ọdọọdún tí Màólúdì bá dé, Yínúsà ará Àgọ́-Ìwòyè ni àsàlátù wa máa ń lọ bẹ̀ pé kó wá fi ìlù bẹ́ǹdì rẹ̀ ṣíwájú wa káàkiri ìgboro. Ọkùnrin yẹn á gba owó wa, á jẹ ìkọ́kọrẹ́ wa, á tún máa bi wá pé ṣé gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó kò ní ìlù ni. Ní èṣí, ojú Lèmọ́mù ló ti bi mí. Mo dìde níbẹ̀, mo ní Màólúdì tó ń bọ̀, èmi Àlímì káfíńtà ni yóò gbé ìlù wá, bí n kò bá gbé e wá, kí wọ́n gba oyè Bàbá Àsàlátù lọ́wọ́ mi.

Iléèwé girama kan ní Jápàrà ni mo ti rí ìlù. Wọ́n ní kí n wá wo bẹ́ǹṣì wọn. O ò tíì rí ìyà tó tó bẹ́ẹ̀ lára pákó rí. Àwọn ọmọ ń jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá àwọn tíṣà sì fara ti ògiri bí ẹni tó mutí yó. Pírínsípà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọládàpọ̀, tó kàwé títí irun fi tán lórí rẹ̀, ní ìjọba kò tíì fi owó àtúnṣe ránṣẹ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀nà omi Ìwópìn ni owó náà gbà, tí ọkọ̀ sì rì. Mo bá yọjú sí sítọ́ọ̀ wọn, mo rí ìlù bẹ́ǹdì, ńlá kan àti kéékèèké, tí eku ti yàgbẹ́ lé lórí. Ó ní láti ìgbà tí tíṣà tó ń kọ́ wọn ní bẹ́ǹdì ti lọ ni ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ kàn án. Mo ní kò le nígbà náà, kó fún mi ní ìlù, kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi dí i. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo tún bẹ́ǹṣì wọn ṣe, mo gbé ilẹ̀kùn dúró, mo sì kó ìlù mi lọ sílé.

Nígbà tí mo nù wọ́n tán ni mo rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rá tí ilé-iṣẹ́ fi bo ojú ìlù, wọn kò bọ́ ọ. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi lù ú, ọ̀rá ni wọ́n ń lù, bí àwọn tó ń ra àga olówó ńlá tí wọ́n ń jókòó lórí láílọ́ọ̀nù rẹ̀ títí àga fi gbó. Àwọn ló sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Abájọ tí bẹ́ǹdì wọn fi kú.

Síbẹ̀ n kò dá a ṣe. Mo ní kí Haneefah ya fọ́tò rẹ̀, kó bi ẹ́ lórí Wasáàpù bóyá kí n bọ́ ọ̀rá yẹn kúrò. Kò pẹ́ tó fi hàn mí pé o ti fún mi ní máàkì ráìtì méjì, aláwọ̀ búlúù. Ó ní ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé o ti rí i. Mo ní kó pa ẹnu dé. Èmi náà lọ sí iléèwé, tíṣà kì í máàkì ohun tí kò bá gbà, ẹyọ kan ni wọ́n sì ń fún ẹni tó bá gbà á, ìwọ fún mi ní méjì.

Mo mú ṣíséèlì, mo bọ́ gbogbo rẹ̀. Hafeez, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Òfìfo ni. Wọ́n ta ìlù tí kò láwọ fún pírínsípà, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, ó sì gbà á wọlé. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni Gbémi, tíṣà kékeré kan ní iléèwé náà, wá gbé àga tí mo bá a kàn. Ó rí ọ̀rá nílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ní, “Bàbá, awọ ìlù náà lẹ bọ́ dànù yẹn.” Mo ní, “Ẹran wo ni wọ́n pa tí awọ rẹ̀ rí bí ọ̀rá?” Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ.

Iléyá dé, mo ní kí wọ́n bó awọ àgbò wa dípò kí wọ́n sun irun rẹ̀. Ìyá rẹ ní ẹran tí kò láwọ, kí ni èèyàn fẹ́ jẹ lára rẹ̀? Ìjà wa nìyẹn. Mo tún gba awọ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, mo sá wọn, mo fá wọn, mo fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ojú ìlù. Nígbà tí mo lù ú nínú oòrùn, gbogbo adìẹ àdúgbò sá.

Ọjọ́ Màólúdì, èmi ni mo ṣíwájú nínú aṣọ funfun. A kò tíì rìn jìnnà sí mọ́sáláṣí tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wínníwínní. Awọ rọ̀, ìlù wá ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń lu ẹní, nígbà tó yá kò dún mọ́ rárá. Ibẹ̀ ni Yínúsà ti yọ sí wa, àsàlátù àdúgbò kejì ló gbé e wá, ìlù tirẹ̀ sì ń dún kíkankíkan nínú òjò. Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó dáadáa. Ọmọ mi, ọ̀rá ṣì wà lójú ìlù rẹ̀. Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, mo ní Yínúsà, láti ọjọ́ yìí, o kò tíì bọ́ ọ̀rá ìlù rẹ? Gbogbo ìgboro bú sẹ́rìn-ín. Àwọn onílù ń di ara wọn mú, Lèmọ́mù gan-an fi aṣọ bojú. Ojú ti Yínúsà débi pé ẹ̀rín ló ń rín ṣáá.

Síbẹ̀ àsàlátù ṣe ìpàdé lẹ́yìn mi, wọ́n ní kí n lọ sinmi, àfi bí mo bá gbé ìlù tó lè dún nínú òjò wá kí Màólúdì mìíràn tó dé. Ìlara ni, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí oyè yìí bọ́. Nítorí náà, wá owó sílẹ̀, kí o ra ìlù bẹ́ǹdì kan fún mi ní Èkó níbẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá rẹ́ ẹ jẹ. Kí o tó sanwó, ní kí ẹni tó ń tà á bọ́ ojú rẹ̀ níṣojú rẹ, kí o fọwọ́ ara rẹ kan awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí awọ níbẹ̀, fi í sílẹ̀, kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, kí o ní kí ìyẹn náà bọ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe é títí wàá fi bá olóòótọ́ kan pàdé nínú ọjà náà.

Ọlọ́run kò ní fi ẹ́ lé ẹlẹ́tàn lọ́wọ́. Wàá ta gbogbo wọn yọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àlímì,
Bàbá Àsàlátù.