Ohun Tí Wọ́n Ní Mummo Gbàgbé

Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ
Inú ń bí mi. Ọ̀gá — màmá mi nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — lẹ ìwé kan mọ́ ara fìríìjì. Gbogbo nǹkan tí Mummo bá sọ nù ló ń kọ síbẹ̀. Mummo ni ìyá tó bí Ọ̀gá, ilé rẹ̀ la sì ń gbé o! Ẹnì kan ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún láti wá yẹ Mummo wò. Tí nǹkan bá ti pọ̀ jù lórí ìwé yẹn, ilé àwọn arúgbó ló kàn.

Ìṣẹ́gun, 6
Awò ojú: orí Mummo ló wà. Rìmóòtù: inú agbọ̀n òwú tó fi ń hun ìbọ̀sẹ̀. Mo fi gègé fa igi lé méjèèjì lórí ìwé ara fìríìjì.

Ọjọ́rú, 7
Ẹ̀rọ tí Mummo fi ń gbọ́ràn pòórá. Mo wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá inú bàtà rọ́bà. Inú sáúnà, yàrá tí a ti ń fi ooru wẹ̀, ni mo ti rí i, lórí pákó òkè — ọpẹ́lọpẹ́ pé a ò tíì dáná síbẹ̀. Kí Ọ̀gá tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti padà sí etí ẹni tó ni ín. "Iita, má sọ fún un o." Mo ní, kí ni mo rí? A rẹ́rìn-ín bí olè méjì.

Ẹtì, 9
Ọ̀gá kọ "sísọ́ọ̀sì" sórí ìwé. Èmi ni mo mú un. Mo fi gé irun iwájú orí mi, ó wọ́, mo fi sísọ́ọ̀sì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ mi. Ìwà mi ò da.

Àbámẹ́ta, 10
Èmi àti Ọ̀gá wa mọ́tò lọ já èso dúdú nínú igbó. Bákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ẹ̀fọn jẹ mí ní àjẹyó. Mummo ní ká ṣa ewé kúrò ká tó kó o sí fìrísà. Ọ̀gá ní, "Màmá, kò sáyè. Ewé kì í pa èèyàn." Ó dà á sínú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, ó kọ déètì sí i lára.

Àìkú, 11
Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ò sí mọ́.
"Màmá, níbo lẹ gbé e sí?"
"Èmi? Èmi tí mi ò wa mọ́tò láti ọdún wo!"
Ọ̀gá kọ ọ́ sórí ìwé. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ajé, 12
Ọ̀gá gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ nínú òjò. Mummo ń di ẹrù. Ó ní, bóyá òun lòun mú kọ́kọ́rọ́ náà lóòótọ́, òun ò kàn rántí ni. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo jẹ́wọ́ sísọ́ọ̀sì. Ó wo iwájú orí mi: "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Àbí àgùntàn ló jẹ ẹ́ lórí ni?"
Mo lọ kọ orúkọ mi síwájú sísọ́ọ̀sì lórí ìwé. Ọ̀gá rí i.

Ìṣẹ́gun, 13
Mummo ṣì ń di ẹrù. Ọ̀gá tún gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 14
Mummo ní àlejò ò ní wá bá ilé òun láìsí páì èso. Ó da ọ̀rá èso kan sínú abọ́ kí yìnyín rẹ̀ yọ́. Ewé. Ewé. Kòkòrò kan. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò!!
Mo figbe ta. Ọ̀gá sáré wọlé, ó rí i, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó wá rántí: ọwọ́ òun kún lọ́jọ́ náà, ló bá jù ú sínú bákẹ́ẹ̀tì kó lè gbé ẹrù wọlé.
Mummo rọra sọ fún Ọ̀gá pé, "Tuija, ṣé ká ní kí wọ́n tẹ́ ibùsùn méjì sílẹ̀ nílé àwọn arúgbó ni?"
Mo rẹ́rìn-ín títí ikun fi jáde nímú mi. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe ń nu ojú. Ó gbé fóònù, ó pe ìjọba ìbílẹ̀: "Ẹ má wulẹ̀ wá mọ́ lọ́la. Ibí ni màmá mi máa wà."
Kò tọrọ àforíjì. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ó jókòó ti Mummo, ó fa abọ́ náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.