Àwòrán Mi Tó Wà ní Jámánì

                                        Ojúlé 17, Òpópónà Àkànjí,
                                        Agége, Èkó.
                                        20 Oṣù Kọkànlá, 1988.

Làsísì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Khàdíjàt àti àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé iṣu yín ta dáadáa lọ́dún yìí. Inú mi dùn pé oko gbà ọ́ nígbà tí iṣẹ́ búrẹ́dì lé wa. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìbísọ́lá ti wọ kíláàsì kẹta, ẹnu rẹ̀ sì ti mú ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ní wọ́n ń sọ ọ́ kiri nílé pé Láídé ti fi mí sílẹ̀, ó sá lọ sí òkè òkun, àti pé ìwọ nìkan lo ní kí wọ́n dákẹ́ títí wàá fi gbọ́ tẹnu mi. O ṣeun, ọ̀rẹ́. Bó ṣe jẹ́ nìyí.

O mọ̀ pé Láídé ló ń ya àwòrán ara aṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, wọ́n dá òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò pẹ́ sí i ni ìjọba fòfin de àlìkámà òkè òkun, tí fúláwà dàwátì. Ìwọ padà sílé, èmi ti ilé búrẹ́dì mi pa, mo dúró. Àpò fúláwà tó ṣófo nìkan ló kù sílé, òkìtì-òkìtì. Láídé tú wọn, ó fọ̀ wọ́n, ó rán wọn pọ̀, ó wá ń fi ọ̀dà ya àwòrán sí wọn lára: àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́bàá rélùwéè, àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tì pa. Mo rò pé ó kàn fi ń pa ìrònú rẹ́ ni. Àfi ìgbà tí obìnrin ará Jámánì kan rí iṣẹ́ rẹ̀ níbi àfihàn kan ní Ìkòyí, tí lẹ́tà sì dé pé kí ó wá lo oṣù mẹ́ta ní ìlú wọn. Wọ́n á fún un ní yàrá àti ibi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ayàwòrán láti Íńdíà, Bùràsíìlì àti Gánà, lẹ́yìn náà wọ́n á pe aráyé wá wo iṣẹ́ wọn.

Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń ṣa àwòrán tí yóò kó lọ, mo rí ọ̀kan tí n kò rí rí. Èmi ni. Mo jókòó síwájú ààrò wa tó ti tutù, mo sorí kọ́, ọwọ́ mi méjèèjì dùbúlẹ̀ lórí itan bí ohun tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀. Làsísì, ojú tì mí débi pé ara mi gbóná. Mo bi í pé ṣé bó ṣe fẹ́ kí àwọn òyìnbó mọ ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ìwé mi ló sì ń dúró dè nígbà yẹn. Ní ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù, obìnrin tó bá wà nílé ọkọ gbọ́dọ̀ mú ìwé wá pé ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí ìrìnàjò náà. Mo ní n kò ní kọ ọ́. Láídé kò bá mi jà. Ó ní bí àwòrán yẹn bá dùn mí, òun á fi í sílẹ̀ nílé. Ó ká a, ó gbé e sórí àpótí, ó lọ dáná. Bó ṣe dákẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni n kò kọ nǹkan kan, kò sì rán mi létí lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọjọ́ kejìlá, òjò jò sórí àpótí náà, ni Láídé bá sá àwòrán sórí okùn nínú àgbàlá. Ìgbà náà ni Suara wá kí wa. Suara tó ń bá wa po fúláwà nìyẹn, tó máa ń kọrin bí ẹni tó ń gúnyán. Ọmọlanke ló ń tì lọ́jà Agége báyìí. Ó dúró síwájú àwòrán náà pẹ́. Ó wá yíjú sí mi, ó rọra sọ pé, "Ọ̀gá, báyìí lèmi náà ṣe ń jókòó nílé. N kò mọ̀ pé ẹnìkan rí wa."

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, mo kọ ìwé náà, mo sì fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè kún un, pé ayàwòrán gidi ni ìyàwó mi. Mo ká àwòrán náà lórí okùn, mo kó méjèèjì fún un. Mo ní, "Mú mi dání." Láídé fi orí lé mi léjìká, ó sunkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ló lọ. Èmi àti Ìbísọ́lá la sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Láti ìgbà náà, ẹ̀wà ti jó mọ́ ìkòkò lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹrin, Ìbísọ́lá sì ní irun tí mo ń dì fún un ti sọ òun di ẹlẹ́yà ní sùkúù. Mo tún ń dán búrẹ́dì àgbàdo wò. Kò tíì wú bó ṣe yẹ, àmọ́ àwọn ará àdúgbò ń jẹ ẹ́.

Lẹ́tà Láídé dé lọ́jọ́bọ̀. Ó ní wọ́n gbé àwòrán mi kọ́ sára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan, tí ilé iṣẹ́ irin tó fi ọgbọ̀n ọdún sìn ti kógbá wọlé, máa ń wá jókòó síwájú rẹ̀ láràárọ̀. Bàbá náà bi Láídé bóyá ọkùnrin yẹn ti ríṣẹ́. Láídé ní ó ń ṣe búrẹ́dì àgbàdo báyìí. Bàbá ní kí ó bá òun kí mi.

Ilé àwòrán ìlú náà wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ta àwòrán náà fún àwọn, kí ó máa wà níbẹ̀ títí. Láídé kò tíì dá wọn lóhùn. Ó ní èmi ni mo ni ojú tó wà níbẹ̀, bí mo bá ní kí òun gbé e bọ̀, òun á gbé e bọ̀.

Bá mi kí Ìyá, kí o kí Khàdíjàt àti gbogbo ilé. Ìbísọ́lá ní kí n kí ọ, ó tún ní kí o fi iṣu ránṣẹ́.

Mo ti fèsì fún Láídé láàárọ̀ yìí. N kò kọ ju ìlà kan lọ: "Fi èmi tó wà lára ògiri sílẹ̀ fún wọn, ìwọ ni kí o máa bọ̀ nílé."

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Nùréènì